Ọkùnrin Tó Bọ́ Bàtà Létí Òkun

Bàtà ni Fọláhànmí kọ́kọ́ rí. Bàtà aláwọ dúdú méjì tí ọkùnrin kan gbá mọ́yà bí ẹni gbá ọmọ adìyẹ mọ́ra, tí òun alára sì dúró lẹ́sẹ̀ lásán lórí òkúta wẹ́wẹ́ etí òkun. Oṣù kẹta ọdún ni, òtútù mú débi pé ẹ̀wù méjì mẹ́ta ni gbogbo èèyàn tó kù wọ̀ lé ara wọn. Atẹ́gùn ń na ṣòkòtò ọkùnrin náà mọ́ ọn lójúgun, kò bìkítà. Iwájú lọ́hùn-ún ló tẹjú mọ́, níbi tí òpó igi pupa méjì ti dúró lórí àpáta láàárín omi, tí igi méjì mìíràn dábùú wọn lórí. Ìgbì òkun ń gba àárín wọn wọlé, ó ń gba ibẹ̀ jáde, bí onílé.

Jàpáànù nibẹ̀. Òpó pupa yẹn ni ẹnubodè ojúbọ kan, ti àwọn ẹlẹ́sìn Ṣíńtò, ẹ̀sìn àbáláyé ilẹ̀ náà. Fọláhànmí, ọmọbìnrin tó jẹ́ olùkọ́ Jọ́gíráfì láti Ọ̀yọ́, ti lo ọdún kan ní ìlú kékeré tó wà nítòsí, níbi tí wọ́n rán an lọ kọ́ ọgbọ́n ìkọ́ni sí i. Ọjọ́ Àìkú tí àárò ilé bá ń sọ ọ́, etí òkun yìí ló máa ń wá. Kò rí aláwọ̀ dúdú kankan níbẹ̀ rí.

Ọkùnrin náà gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Ó fò sókè.

"Yéè! Ìyá mi o!"

Ẹ̀rín bú lẹ́nu Fọláhànmí kó tó mọ̀. Ọkùnrin náà ti fi orúnkún kan kúnlẹ̀, ó tẹrí sílẹ̀ ó ń wá ohun tó gún un ní àtẹ́lẹsẹ̀. Láti ẹ̀yìn ni Fọláhànmí ti gbé fọ́ọ̀nù jáde tó sì yà á ní fọ́tò: ọkùnrin náà, bàtà rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti òpó pupa níwájú rẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ó ní. "Ìkarahun ni. Kò sẹ́ni tó ń bọ́ bàtà níta níbí."

Ọkùnrin náà yíjú padà wéré, ó ń wo ibi tí Yorùbá ti wá.

"Níbo lẹ ti wá?"

"Ọ̀yọ́."

"Ọ̀yọ́ wo?"

"Ọ̀yọ́ mélòó lẹ mọ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ń jáde lẹ́sẹ̀ rẹ̀. "Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Ẹ ò rí nǹkan! Láti ilé yín sí ilé wa kò ju ìrìn ọkọ̀ wákàtí kan lọ, etí òkun àwọn Jàpáànù la wá ti pàdé."

Adéríbigbé lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń bó ìrẹsì ló ń tún ṣe. Ilé iṣẹ́ kan ní Ìkòyí-Ilé ló rán an wá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kó kọ́ nípa ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n rà, àwọn tó gbà á lálejò ló sì mú un jáde lọ́jọ́ náà.

"Aládùúrà ni yín, àbí?" Fọláhànmí bi í. "Mo mọ̀. Ẹ̀yin lẹ̀ ń bọ́ bàtà káàkiri."

"Aládùúrà ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe—"

Kò parí rẹ̀. Bàbá arúgbó kan tó ń tọ́jú ojúbọ náà ti ń bọ̀ pẹ̀lú abọ́ omi àti aṣọ funfun. Ó jókòó ti Adéríbigbé, ó fọ ẹsẹ̀ náà bí ẹni tó ń fọ ẹsẹ̀ ọmọ ara rẹ̀, ó dì í, ó sì lọ. Kò sọ ju gbólóhùn méjì lọ.

Wọ́n jọ gun àtẹ̀gùn òkúta lọ sókè, nítorí ilé ojúbọ gan-an kò sí lẹ́bàá omi. Fọláhànmí ń ṣàlàyé bí ó ti máa ń ṣe fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀.

"Apẹja ni wọ́n níbí. Òkun yìí ló ń bọ́ wọn, òun náà ló ń pa wọ́n. Wọ́n ní omi ńlá kan wá láyé àwọn baba ńlá wọn, ó dé orí àtẹ̀gùn yìí, ibi tó dúró sí ni wọ́n kọjá kí wọ́n tó kọ́lé."

"Wọ́n jẹ́ kí omi wọn ilẹ̀ fún wọn," Adéríbigbé wí.

Igi tó yí ilé náà ká, gbogbo wọn ló dorí kọ apá kan, bí èrò ọjà tó ń sá fún òjò. Ọ̀pọ̀ ọdún ni atẹ́gùn òkun fi tẹ̀ wọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ka èyí tó tóbi jù nínú wọn nà wá sórí ilé, níbi tó sì ti kan òrùlé, òrùlé ni wọ́n gé. Wọn kò fọwọ́ kan ẹ̀ka. Adéríbigbé dúró síbẹ̀ pẹ́. Oníṣẹ́ irin ni, ó mọ bó ṣe ṣòro tó láti gé òrùlé bẹ́ẹ̀ kó má jò.

"Lọ́dọ̀ wa," ó ní, "igi la ò bá gé."

Wọn kò gbàdúrà níbẹ̀. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni Fọláhànmí, Adéríbigbé sì mọ Ọlọ́run tirẹ̀. Wọ́n kàn dúró lábẹ́ ẹ̀ka náà, wọ́n ń gbọ́ omi. Nígbà tí ọkọ̀ tó kó Adéríbigbé wá ń fun fèrè, kò sí èyí tó fẹ́ kọ́kọ́ lọ nínú wọn.

"Ẹ fún mi ní nọ́ńbà yín," Fọláhànmí wí, "kí n lè máa béèrè ẹsẹ̀ yín."

"Ẹsẹ̀ mi nìkan?"

"Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ jinná ná."

Nígbà tí Fọláhànmí fi padà dé Ọ̀yọ́ lóṣù kẹjọ, ẹsẹ̀ ti jinná tipẹ́, "ẹ" ti di "ìwọ", Adéríbigbé sì ti mọ oríkì rẹ̀. Gbogbo Sátidé ló ń wá sí Ọ̀yọ́. Nígbà mìíràn Fọláhànmí á wọ ọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, á jókòó lórí àpótí nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nítòsí Ọjà Igbó, á máa wò ó bó ṣe ń tú ẹ̀rọ palẹ̀ tó ń dárúkọ ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀.

"Àmọ̀kẹ́," ó sọ lọ́jọ́ kan, láìgbójú sókè, "ìwé márùn-ún ni mo kà. Mi ò parí mẹ́fà."

"Mo mọ̀."

"Olùkọ́ ni ẹ́. Ọmọ ọ̀gá ilé ìwé ni ẹ́."

"Adéríbigbé, ṣé ìwé ni mo fẹ́ fi ṣọkọ ni? Ìwé pọ̀ nílé wa. Kò sí èyí tó mọ̀ mí í pè ní Àmọ̀kẹ́."

Ọ̀gá ilé ìwé tó ń wí yẹn ni bàbá rẹ̀, Alàgbà Gabriel. Ó ti fẹ̀yìn tì, òun sì ni bàbá ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn l'Ọ́yọ̀ọ́. Kò fẹ́ràn Aládùúrà, kò sì fi pamọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Adéríbigbé kọ́kọ́ wá kí i, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kò sì jókòó títí wọ́n fi ní kó jókòó. Alàgbà wo ìyàwó rẹ̀, Màmá Grace, ó ní, "Ó lẹ́kọ̀ọ́." Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dán mọ́rán nìyẹn. Wọ́n dá ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́.

Ó ku ọjọ́ méjì ni Alàgbà ní kí Fọláhànmí gbé fọ́tò Jàpáànù wá kí òun rí i. Ó ń fi ìka tì wọ́n lọ lọ́kọ̀ọ̀kan lórí fọ́ọ̀nù. Ó dé orí ọ̀kan, ó dúró.

"Kí nibí yìí?"

"Ojúbọ àwọn ẹlẹ́sìn Ṣíńtò ni, Dádì. Ẹ wo òkun yẹn bó ṣe rẹwà."

Bàbá rẹ̀ dá fọ́ọ̀nù padà fún un. Fọláhànmí kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, Adéríbigbé kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá rẹ̀ ti kú, àbúrò bàbá rẹ̀, Bàbá Yẹ̀kínì, ló ṣáájú wọn. Mùsùlùmí ni Bàbá Yẹ̀kínì, onísùúrù, aláwàdà. Inú yàrá ni Fọláhànmí wà, nítorí ọmọ tí wọ́n wá tọrọ kì í jáde títí wọn yóò fi pè é. Kó tó wọlé ni bàbá rẹ̀ ti gba fọ́ọ̀nù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rò pé bàbá òun fẹ́ fi òkun han àlejò ni.

"Ká tó tẹ̀síwájú," Alàgbà wí, ó na fọ́ọ̀nù sí Adéríbigbé, "ta nìyí?"

"Èmi ni, sà."

"Níwájú kí ni o kúnlẹ̀ sí, láìwọ bàtà?"

"Ojúbọ ni, sà, ṣùgbọ́n—"

"Ó tó. Mo ti gbọ́. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, wàá wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa, wàá dúró níwájú ìjọ, wàá jẹ́wọ́ pé o forí balẹ̀ fún òrìṣà òkè òkun, wàá sì ronú pìwà dà. Lẹ́yìn ìyẹn la ó sọ̀rọ̀ ọmọ."

Bàbá Yẹ̀kínì rẹ́rìn-ín láti fi pa iná ọ̀rọ̀ náà. "Alàgbà, ẹ rọra. Àwa ń bọ́ bàtà ní mọ́ṣáláṣí. Àwọn Aládùúrà ń bọ́ bàtà. Ó wá jọ pé ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń wọ bàtà lọ bá Ọlọ́run."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, títí kan ará ilé Alàgbà. Ẹ̀rín yẹn ló ba nǹkan jẹ́. Ojú Alàgbà pọ́n.

"Ẹni tí kò kàwé," ó wí, ó ń wo Adéríbigbé àti Bàbá Yẹ̀kínì pa pọ̀, "kì í mọ ibi tó yẹ kéèyàn wọ̀ yàtọ̀ sí ibi tí kò yẹ."

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ síni lójú ẹbí ẹni, egungun ló ń wọ̀. Adéríbigbé gbójú sókè.

"Mo bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà yín náà, sà. Ṣé ẹ̀yin ni mo wá bọ ni?"

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó wá tọrọ ìyàwó kò gbọdọ̀ fi òótọ́ gbá àna rẹ̀ lẹ́nu. Bàbá Yẹ̀kínì di orí mú. Alàgbà dìde, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí Fọláhànmí fi sá jáde, ọkọ̀ àwọn àlejò ti ń yí kọ́nà.

Adéríbigbé kì í gbàgbé. Ọkùnrin kan wà l'Ọ́jà Igbó tó pè é ní aláìmọ̀ṣẹ́ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún. Títí dòní, bó bá rí i lọ́ọ̀ọ́kán, ọ̀nà mìíràn ló máa ń gbà. Èyí wá ju ìyẹn lọ. Kì í tilẹ̀ ṣe Alàgbà ló dùn ún jù. Ọwọ́ Fọláhànmí ni fọ́tò náà ti jáde, Fọláhànmí sì mọ ohun tó gún un lẹ́sẹ̀. Ó wà nínú yàrá, ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀, kò jáde. Adéríbigbé mọ̀ pé àṣà ni, ṣùgbọ́n ọkàn tó ń dunni kì í gbọ́ àṣà.

Fọláhànmí pè, kò gbé e. Ó kọ̀wé ránṣẹ́, Adéríbigbé kà á, ó tún un kà, kò dá a lóhùn. Oṣù méje kọjá bẹ́ẹ̀.

Láàárín ìgbà náà, Alàgbà mú Olúwaṣeun wá sílé, akọ̀wé ìjọba, ọmọ ìjọ wọn, tó ń rọra sọ̀rọ̀ tó sì ń wọ bàtà dídán.

"Báwo lo ṣe rí i?" Alàgbà bi ọmọ rẹ̀.

"Ọkùnrin dáadáa ni, Dádì. Ẹ bá mi kí ẹni tó bá máa fẹ́ ẹ."

Ọ̀rọ̀ sì ti tàn ká ìjọ pé abọ̀rìṣà kan fẹ́ fẹ́ ọmọ bàbá ìjọ. Fọláhànmí fara dà á títí. Lọ́jọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìfilọ̀, ó gba àyè lọ́wọ́ àlùfáà, ó dúró níwájú gbogbo wọn.

"Fọ́tò tí ẹ̀ ń gbọ́ nípa rẹ̀, èmi ni mo yà á. Ìkarahun ló gún ọkùnrin náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń wò. Èmi ni mo mú un gun òkè lọ. Ọdún kan ni mo fi ń lọ síbẹ̀, mo fẹ́ràn ibẹ̀, n kò bọ nǹkan kan níbẹ̀ rí. Bí ìtìjú bá wà, èmi ni kẹ́ ẹ fún."

Wọ́n sì fún un. Wọ́n ní kó fi kíláàsì àwọn ọmọdé tó ń kọ́ lọ́jọ́ Àìkú sílẹ̀ títí wọn yóò fi yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Bàbá rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Màmá Grace gbé oúnjẹ síwájú ọkọ rẹ̀, kò kúrò níbẹ̀.

"Dádì Fọlá, ẹ bi ọmọkùnrin yẹn pé ta nìyí. Ẹ bi í pé níwájú kí ni. Ẹ ò bi í pé kí ló dé. Ọdún mélòó lẹ fi ṣe olùkọ́?"

Oúnjẹ náà tutù níwájú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ni Fọláhànmí wọ ọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Adéríbigbé wà lábẹ́ ẹ̀rọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló hàn síta.

"Jáde," Fọláhànmí wí.

Ẹsẹ̀ méjèèjì dúró gbagidi. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó wọ́ jáde, ó ń fi àkísà nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí tó bẹ́ẹ̀.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

"Ṣé 'ẹ' la tún ti dé? Kò burú. Adéríbigbé, ìbínú tó o kó pamọ́ láti oṣù méje yìí, ṣé o fẹ́ gbìn ín bí òjò bá dé ni?"

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó kọ̀. "Ọwọ́ rẹ ni fọ́ọ̀nù ti kúrò."

"Ọwọ́ mi ni. Mo gọ̀, mo rò pé òkun ni wọ́n fẹ́ wò. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ lọ́nà ogún, o kà á, o dákẹ́. Nítorí náà mo lọ sọ ọ́ fún àwọn tó ń gbọ́." Ó ròyìn ọjọ́ Àìkú náà fún un, bó ṣe dúró, ohun tó sọ, ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dárúkọ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Adéríbigbé jókòó sórí ilẹ̀.

"Ìwọ nìkan lo dúró síwájú gbogbo ìjọ?"

"Èmi nìkan. Mi ò wá bẹ̀ ẹ́ o. Mo wá bi ẹ́ ni. Ṣé kí n máa retí, àbí kí n má retí mọ́? Bó o bá ní kí n má retí, màá lọ, màá sunkún, yóò sì tán. Ṣùgbọ́n fẹnu rẹ sọ ọ́."

Gbogbo ẹ̀sùn tí Adéríbigbé ti tò jọ láti oṣù méje, ó ń wá èyí tó lè gbé dìde síwájú ọmọbìnrin yìí, kò rí.

"Mi ò ní jẹ́wọ́ ohun tí mi ò ṣe," ó wí níkẹyìn.

"Ta ló ní kó o jẹ́wọ́?"

"Àmọ́ mo bú bàbá rẹ lójú àlejò." Ó dìde. "Ìyẹn, mo ṣe é."

Kò dúró de Sátidé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì ló dé Ọ̀yọ́, òun nìkan. Alàgbà wà ní pálọ̀, Màmá Grace ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Fọláhànmí ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé. Adéríbigbé dọ̀bálẹ̀, àyà rẹ̀ kanlẹ̀.

"Ẹnu mi ni mo wá tọrọ àforíjì fún, sà. Mo dá yín lóhùn ọ̀rọ̀ tí kò yẹ, ẹ jọ̀ọ́. Ní ti ẹsẹ̀ mi, mi ò ní ẹ̀bẹ̀ kankan."

"Orí rẹ le," Alàgbà wí.

"Ó le, sà."

Alàgbà ń wo ẹ̀yìn orí rẹ̀ nílẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀, bí ohùn olùkọ́ tó ń bi ọmọ ní ìbéèrè tí òun alára kò mọ ìdáhùn rẹ̀.

"Kí ló dé tó o fi bọ́ bàtà?"

Adéríbigbé gbé orí sókè. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó bi í bẹ́ẹ̀ rí. Fọláhànmí pàápàá kò bi í. Ó ti fi ọ̀rọ̀ Aládùúrà dáhùn fúnra rẹ̀.

"Mi ò mọ̀ pé ojúbọ ni nígbà tí mo débẹ̀, sà. Òkun ni mo rí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò rí òkun rí. Mo bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, mo gbójú sókè, ó kún iwájú mi láti apá kan dé ìkejì. Mo rántí Ẹni tó dá a. Mi ò lè wọ bàtà dúró síwájú rẹ̀ ni."

Ọwọ́ Màmá Grace dúró nínú ẹ̀wà. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni Alàgbà Gabriel fi kọ́ àwọn ọmọ nípa òkun lórí máàpù, tó ń fi ẹgba tọ́ka sí àwọ̀ búlúù. Òun náà kò rí òkun rí. Kò sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni nínú pálọ̀ náà, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ mọ̀.

"Báwo ló ṣe rí?" Alàgbà béèrè, jẹ́jẹ́.

"Kò ṣe é sọ tán, sà."

"Jókòó, kó o máa sọ ọ́."

Ó jókòó, ó sọ ọ́. Ó sọ ti omi tó ń mí bí ẹ̀dá, àwọn igi tó dorí kọ apá kan, òrùlé tí wọ́n gé nítorí ẹ̀ka, bàbá arúgbó tó fọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Alàgbà ń bi í ní ìbéèrè lórí ìbéèrè. Nígbà tó yá, ó ní:

"Ọ̀rọ̀ tó o sọ sí mi lọ́jọ́ yẹn ṣì ń dùn mí."

"Tiyín náà ṣì ń dùn mí, sà."

Màmá Grace pàtẹ́wọ́. "Ó parí! Ẹ bá ara yín mu. Fọlá, ọmọ mi, ọkọ tó jọ bàbá rẹ lo lọ mú wá."

"Èmi alára ni màá pe Bàbá Yẹ̀kínì," Alàgbà wí, kò rẹ́rìn-ín. "Ọ̀rọ̀ ìwé tí mo sọ yẹn, kò yẹ kí n sọ ọ́. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá dá ọjọ́ mìíràn."

Nígbà tí Adéríbigbé ń lọ, Fọláhànmí sìn ín dé títì láti wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí gáréèjì. Oòrùn ti ń rọlẹ̀. Wọ́n ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń ka òkúta.

"Àmọ̀kẹ́, má tíì pè mí ní ọkọ o. Mo fẹ́ bi ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, láìsí àgbà kankan níbẹ̀. Mo ń dì sínú. O ti rí i. Mi ò lè ṣèlérí pé mi ò ní bínú mọ́. Ṣé wàá lè fẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀?"

Fọláhànmí ronú sí i lóòótọ́, kò fi ṣeré.

"Bó o bá ń bínú, máa bínú sí mi lójú. Má gbé fọ́ọ̀nù sílẹ̀ kó o máa wò ó. Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́ kó o bá mi dá májẹ̀mú rẹ̀."

"Mo gbà."

"Oṣù méje pọ̀ o, Adéríbigbé."

"Ó pọ̀. Mo ka gbogbo rẹ̀ pé."

"Ó dáa. Ẹni tó lè di nǹkan mú fún oṣù méje láì jẹ́ kó bọ́, kò ní tètè jù mí nù. Màá fẹ́ ẹ."

Kẹ̀kẹ́ kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Awakọ̀ náà yọrí. "Gáréèjì! Ẹ̀ ń lọ ni?"

Wọn kò dá a lóhùn. Ó tún béèrè, ó wo ọwọ́ wọn tó wọnú ara wọn, ó kọ háà, ó sì wa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.